Ọjọ́ Tí Núrátù Nàró Kọjá Níwájú Àwọn Àgbà

Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ ohùn kan láti inú ilé ìdáná, tí ẹ̀kọ tí mò ń rò fi jóná mọ́ ìkòkò. Pápá kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Djègan-Kpèvi, ní Àjàṣẹ́ níbí, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń sáré kí oòrùn tó mú. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré, olùkọ́ wọn á ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ lórí ẹní, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara wọn sókè, kí ikùn wọn má kan ilẹ̀ rárá. Gẹnáàjì ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Faransé ni. Ó máa ń jẹ́ kí iṣan ikùn àti ti ìdí ẹ̀yìn le, kí ẹni tó ń sáré lè nàró dáadáa. Ohùn olùkọ́ yẹn kọ́ ló bí mi nínú o, ó ti mọ́ mi létí. Ohùn aládùúgbò wa kan ni, bàbá arúgbó kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Ọmọbìnrin kan sáré kọjá níwájú wọn, ó kí wọn pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ. Ni bàbá bá figbe ta: "Ìwọ ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ yìí! Ṣé ẹ̀yìn ẹ ò ṣeé tẹ̀ ni?"

Háà! Inú bí mi. Ǹ bá jáde lọ bá wọn, ṣùgbọ́n ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Orúnkún mi kì í jẹ́ kí n tètè dìde mọ́. Mo bá jókòó ti ìkòkò ẹ̀kọ tó jóná. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tó ń dùn mí fún yín, torí irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi nígbà èwe wa.

Núrátù lorúkọ rẹ̀. Ilé wọn àti ilé wa jọ pín ògiri kan ní àárín ìgboro Àjàṣẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, fìlà ni bàbá rẹ̀ ń rán. Mẹ́tọ́díìsì ni àwa, akọ̀wé ni bàbá mi. Bí wọ́n bá pa ẹran Iléyá, itan máa ń gba orí ògiri wá sọ́dọ̀ wa. Bó bá di Nowẹ́lì, abọ́ ìrẹsì á gba ibẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ wọn. Èmi àti Núrátù náà, orí ògiri yẹn là ń gbà bí àwọn ìyá wa ò bá wò wá. Ọ̀nà tóóró kan ló wà níwájú ilé, tó lọ já sí títì. Bí ọwọ́ oòrùn bá rọ̀, tí òórùn ẹja yíyan bá gba gbogbo àdúgbò, àwọn àgbà á gbé àga gbọọrọ síta láti gba atẹ́gùn ọ̀sà, àwọn ọkùnrin lápá ọ̀tún, àwọn obìnrin lápá òsì.

Ibẹ̀ ni wàhálà wa wà. Ọmọdé kì í fi ẹsẹ̀ rírìn jẹ́ iṣẹ́ nígbà náà. Bí ìyá mi bá rán mi, wọ́n á tutọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kó tó gbẹ kí n ti dé. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í nàró kọjá níwájú àgbà tó jókòó. O gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀yìn rẹ ba, kí o sorí kọ́, kí o máa kí wọn bí o ti ń lọ. Àgbà sì nìyí láti orí ọ̀nà títí dé ìdí rẹ̀! Ẹ gbà mí, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣe é? Itọ́ ń gbẹ lọ nílé, àgbà ń wò ọ́ lójú. Báyìí la ṣe kọ́ láti máa sáré nítẹ̀. Àyà wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún, ìdí wa á yọ sókè, ọwọ́ wa á máa jù sílẹ̀-sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Bí a bá jáde sí àdúgbò mìíràn, wọ́n á ti mọ ibi tí a ti wá. Ó wọ̀ wá lára débi pé ní pápá ilé ìwé, níbi tí kò sí àgbà kankan, a ṣì máa ń ká kò bí a bá ń sáré.

Olùkọ́ tuntun kan ló kọ́kọ́ wí nǹkan sí i. Eré ìdárayá ni wọ́n ń kọ́ wa. Mùsíè là ń pè wọ́n, bí a ti ń pe gbogbo olùkọ́ ọkùnrin. Dàkáà ni wọ́n ti kàwé. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ Núrátù yá ju ti gbogbo wa lọ, ọmọkùnrin àtọmọbìnrin, ṣùgbọ́n bó bá ti sáré dé àárín pápá, á di ẹ̀gbẹ́ mú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

"Kí ló ń dá ẹ dúró?"

"Ẹ̀gbẹ́ ló ń gún mi, Mùsíè. Ìbàdí náà ń ro mí."

Mùsíè ní, "Ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń sáré. Ikùn ẹ ti dẹ̀ nítorí pé ẹ̀yìn ẹ ti tẹ̀. Ibo lo fẹ́ kí èémí gbà wọlé?" Ni wọ́n bá kọ́ èmi àti Núrátù ní gẹnáàjì yẹn, wọ́n sì kọ́ wa bí a ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀, tí a ó tẹ orúnkún, tí a ó gbé ìdí sókè, àti bí a ti ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ láìjẹ́ kí ìdí ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ilé Núrátù la ti ń ṣe é láàárọ̀, ká tó lọ pọnmi. Ikùn mi á máa gbọ̀n, màá ṣubú lulẹ̀, Núrátù á máa fi mí rẹ́rìn-ín láì jẹ́ kí tirẹ̀ mì. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà wọn yọ sí wa, wọ́n rí wa bí a ti dojú bolẹ̀ tí à ń làágùn, wọ́n rò pé inú rírun ni. Kí a tó ṣàlàyé, wọ́n ti gbé àgbo dé, ó korò bí orógbó, wọ́n sì dúró tì wá títí a fi mu ún tán.

Díẹ̀díẹ̀, Núrátù nàró. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí nǹkan! Àyà rẹ̀ á là, èjìká rẹ̀ á rọ̀ wọ̀ọ̀, orí rẹ̀ ò ní mì, ẹ̀gbẹ́ tó ń gún un sì ti lọ. Kò pẹ́ ni wọ́n mú un pé kó lọ ṣojú ilé ìwé wa níbi eré ìje ní Kútọnu. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ń fọ abọ́, Kútọnu. Bó bá ń dirun, Kútọnu. Bàbá rẹ̀ gbà pé kó lọ. Wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn rán ṣòkòtò eré kan fún un, ó gùn kọjá orúnkún, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ àwọn ṣí ara sílẹ̀. Ó wú mi lórí láti rí bàbá náà, tí wọ́n fi fìlà oníbàárà sílẹ̀, tí wọ́n ń rán ṣòkòtò ọmọ wọn.

Ọ̀sẹ̀ tí yóò lọ gan-an ni wọ́n rán an ní epo pupa nírọ̀lẹ́. Ó mú ìgò, ó sáré. Ó gba ọ̀nà wa kọjá láàárín àwọn àgbà, ó ń kí wọn lọ́tùn-ún lósì, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ìjókòó o," ṣùgbọ́n kò tẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ò tẹ̀! Ara tó ti kọ́ bí a ti ń nàró ló gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Kó tó ra epo dé, ọ̀rọ̀ ti di ariwo. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ olórí agbo ilé wọn, ní, "Ọmọ tí mo fọwọ́ mi sọ lórúkọ ló na àyà sí mi yìí? Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kò ní lọ sí Kútọnu kankan."

Núrátù kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ìgò epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá rẹ̀ ò lè fọhùn. Àbúrò kì í já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀. Gbogbo ẹnu tó wà lórí àga yẹn, tí wọ́n mọ ọmọ yìí láti ìgbà tó ti ń rákò, tó ń pọnmi fún wọn, tó ń gbá ilẹ̀ wọn, kò sí ẹnu kan tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà kí wa." Àbí irú kí lèyí?

Lọ́jọ́ kejì, Mùsíè wá bẹ̀bẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo rí wọn, mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Áà! Bí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ni wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n sì na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n jọ bọwọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní Dàkáà. Bọwọ́ kẹ̀! Bàbá Àgbà wo ọwọ́ náà títí tó fi rẹ Mùsíè. Wọ́n ní, "Mo ti rí ibi tí ọmọ wa ti kọ́ ọ," wọ́n sì wọlé lọ.

Èmi ni wọ́n mú dípò rẹ̀, torí èmi nìkan ni mo tún mọ gẹnáàjì náà. Ní sítádì, pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Kútọnu, mo bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mo nàró, mo tilẹ̀ wà láàárín àwọn tó wà níwájú. Mo wá dé ibi tí wọ́n to àga sí fún àwọn èèyàn pàtàkì, àwọn bàbá aláṣọ ńlá nínú ibòji. Orí mi, gbà mí o! Ara mi kò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ba, mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o!" mo sì rọra sáré nítẹ̀ kọjá níwájú wọn títí àga fi tán. Gbogbo sítádì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn gbogbo wọn pátápátá ni mo gbà.

Nígbà tí mo dé, Núrátù ń fọṣọ létí kànga. Mo sọ bó ṣe rí fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà wá tán, omi ojú ò sì tán. Kò sáré mọ́ láti ọjọ́ náà. Mùsíè bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Sèmè-Kpodji, ó ń ta ẹja yíyan, ó sì rí jẹ nídìí ẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bá ìkúnlẹ̀ jà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń kúnlẹ̀ kí mi, ẹni tí ò bá kúnlẹ̀ á gbọ́ ẹnu mi. Àga gbọọrọ ti kúrò lọ́nà wa, wọ́n ti fi òkúta tẹ́ ọ̀nà náà, àwọn àgbà ń wo tẹlifísàn nínú ilé. Àwọn ọmọbìnrin ń wọ ṣòkòtò sáré lójú títì títí dé ọ̀nà Akpro-Missérété, àwọn bàbá wọn ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó ń bú ọmọ tó ti kí ni kò tíì yí padà. Ẹni tó ń sáré lọ kò tíì wá dúró níwájú yín, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kó dé ná, kó mí, á kúnlẹ̀.

Ìgbà tí mo lọ kí Núrátù gbẹ̀yìn ní Sèmè, ara rẹ̀ ò le mọ́. Mo bi í bóyá ó ṣì ń bínú sí Bàbá Àgbà.

Ó ní, "Wọ́n ti kú, mo ti dárí jì wọ́n. Ìwọ ni mo máa ń jowú."

"Èmi tí mo gba ẹ̀yìn?"

"O mọ̀ pé ẹ̀yìn lo gbà. Èmi ò mọ ipò tí ǹ bá gbà."

Ó bímọ, ó kọ́lé, ó lọ sí Mẹ́kà, ó sì kú láìmọ̀ ọ́n.