Àlàfo Kan Lára Pátákó

Lẹ́yìn tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀, mo lo ọjọ́ mẹ́ta ní ilé àlejò kékeré kan láàárín igbó ọparun, lórí òkè kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́nà Ọ̀yọ́. Yàrá mẹ́rin péré ló ní. Ìyá àgbàlagbà kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́ ọ; màmá ni mo ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó sọ fún mi pé bí oṣù náà bá parí tí àlejò mìíràn ò wá, òun á ti ilé náà pa, kí ọmọ òun wá kó ẹrù òun lọ sí Ìbàdàn.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà ló fà á tí àlejò kì í fi í wá, ṣùgbọ́n mọ́tò kékeré ń gba ibẹ̀ lọ sóko. Ilé náà fúnra rẹ̀ kò ní àléébù tí mo rí. Ibùsùn mọ́, omi ń yọ. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín ọparun wọlé máa ń sọ ilẹ̀ yàrá di aláwọ̀ ewé, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́, àwọn igi náà á máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra búrẹ́dì ní Takie, láàárín ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo ń padà, mo sọ ibi tí mò ń lọ fún ọlọ́kadà kan. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ilé Ó Parun! Ibẹ̀ lẹ ń sùn? Ẹ mà láyà o!”

“Kí lẹ pè é?”

“Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó tó wà ní títì náà ni mo kà. Àwọn kan wá láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́sí. Ìyá wọn rí pátákó yẹn, ó ní kí wọ́n ṣẹ́rí mọ́tò padà, òun ò lè sùn nínú ilé tó ń ṣépè fún ara ẹ̀.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ nídìí pátákó náà. ILE O PARUN. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì sábẹ́ O, ó sì fi àlàfo tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sáàárín O yẹn àti P. Èmi náà ti kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé Ilé Ọparun ni orúkọ ilé náà kí n tó kà á.

Mo mú màmá wá síbẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á bí ẹni tí ò débí rí.”

“Ilé Ọpa...” Ẹnu rẹ̀ dúró. “Ilé ó... Yéè! Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé èpè nàró sí títì!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú koríko.

Mo ròyìn ohun tí ọlọ́kadà náà sọ fún un, ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kò tíì fi hàn pé ohun tó lé àlejò nìyẹn.

“Ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ,” ó ní. “Lọ gbé ọ̀dà wá, jàre.”

A pa O náà rẹ́, a tún un kọ mọ́ P, màmá sì fi àmì tó tóbi bí ìdérí ìgò sábẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, mọ́tò kan dúró nídìí pátákó náà. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè bọ̀. Mo fẹ́ sọ pé mọ́tò kan ò tó ẹ̀rí, ṣùgbọ́n màmá ti kó aṣọ ibùsùn lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n lọ tẹ́ yàrá kejì, kí òun pe ọmọ òun pé kó má tíì wá kó ẹrù.