Òótọ́ Lẹ Sọ, Bùrọ̀dá

Nílé tí wọ́n ti bí wa, bí bàbá wa bá pè ọ́ láti pálọ̀, o gbọ́dọ̀ ti dáhùn "Sà!" kí o tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ọ́ fún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé kí ni, aláìgbọràn ni. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Peckham ní London ni mo sì ti tọ́ ọmọ mi obìnrin dàgbà, ṣùgbọ́n ìwà yẹn kò kúrò lára mi.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, àkọ́bí, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà. Rédíò ló ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà: adájọ́ wo ló jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú wo, ta ló ń sọ òfin di yẹpẹrẹ. Ohun tó bá gbọ́, yóò fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ sórí fóònù, yóò sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi dúró de pépà ìgbélùú tirẹ̀, kò sì parọ́ kankan. Nígbà tí olè fọ́ ilé rẹ̀, tí adájọ́ dá olè náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, èmi náà bínú. Mo gbà pé òfin tí à ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kì í ṣe òfin mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kúrú. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí à ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ ló sì máa ń dé. Màá nu ọwọ́, màá tẹ̀ ẹ́ pé, "Òótọ́ lẹ sọ, Bùrọ̀dá," kí n tó gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn n kì í gbọ́ ọ rárá.

Ọmọ mi mọ̀. "Mummy, ìṣẹ́jú méjìlá ni message yẹn o, ẹ sì ti reply láàárín ìṣẹ́jú kan! Ṣé ẹ ti di wòlíì ni?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé a kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àgbà wà nílẹ̀ láìdáhùn.

Amẹ́ríkà ni àbígbẹ̀yìn wa náà ń gbé. Ọkọ rẹ̀ kò ní pépà. Wọ́n mú un níbi iṣẹ́, wọ́n fi í sí àhámọ́. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní kí ẹnì kan tó ti di ọmọ ìlú níbẹ̀ kọ lẹ́tà sí adájọ́ pé òun mọ̀ ọ́n sí ènìyàn rere. Bùrọ̀dá nìkan la ní.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, ọ̀rọ̀ Bùrọ̀dá dé. Mo fèsì bí ìṣe mi, mo sì padà sídìí ọ̀dùnkún.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi relé, àbúrò mi pè.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Bùrọ̀dá sọ?"

Ojú tì mí. Mo ní, "Mo gbọ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ẹ wá ní òótọ́ ni?"

"Ṣebí ìwọ náà mọ Bùrọ̀dá. Àgbà ṣáà ni wọ́n."

"Ó dáa, mà," ó wí, ó sì pa fóònù. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Kò pè mí ní "mà" rí.

Mo bọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ibùdókọ̀ tèmi, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, bí ìgbà gbogbo ni: "Òfin kì í ṣe aṣọ tí à ń rán mọ́ ara ẹnì kan. Àwọn adájọ́ ẹgbẹ́ kejì yìí ti sọ ọ́ di rọ́bà. Bó ṣe ọkọ àbúrò mi, ẹni tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti pé, kó máa lọ sílé." Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, ó dá ọkọ̀ dúró. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Àbúrò wa ní kí n kọ lẹ́tà, mo ní n ò kọ. N ò sì rí oorun sùn. Ìwọ tó wà ní London, ìwọ ni wọ́n bí tẹ̀lé mi. Ṣé mo ṣìṣe ni? Bí o bá ní kí n kọ ọ́, màá kọ ọ́."

Èsì mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́. N ò tíì gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni."

"O ò gbọ́ ọ?" Ó mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà wo ni o kì í ti í gbọ́ mi?"

Ó kọ lẹ́tà náà níbi tó dúró sí, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ náà, ní àkókò tiwọn níbẹ̀, ni kóòtù gba ìwé kẹ́yìn, aago náà sì ti kọjá. Nígbà tó yá, wọ́n dá ọkọ àbúrò mi padà sí Nàìjíríà. Bóyá lẹ́tà náà ì bá ràn án lọ́wọ́, bóyá kò ní ràn án. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, àbúrò mi kò gbé ìpè mi. Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní pápá ìgbafẹ́ Peckham Rye, mo sì fi ohùn tèmi ránṣẹ́ sí i. Mo sọ gbogbo rẹ̀: pé n kò gbọ́ kí n tó fèsì, pé mo parọ́ fún un nínú bọ́ọ̀sì, pé ká ní mo gbọ́ ni, màá ní kí Bùrọ̀dá kọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni.

Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èsì rẹ̀ dé.

"Òótọ́ lẹ sọ, Àǹtí."