Pèrègún Ẹ̀yìn Ilé Ìyàsọ́tọ̀

Òórùn igbó tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Olùkọ́ kékeré ni mo jẹ́ ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, mo sì ń bẹ àwọn ibi tí ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè wa wò. Èyí tó wù mí jù ni àwókù ilé kan lẹ́yìn àdúgbò Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti ń bupá fún ará ìlú láyé àtijọ́, tí wọ́n sì ń ya àwọn tí ṣọ̀pọ̀ná bá mú sọ́tọ̀. Mo wọn ògiri, mo wọn ojú fèrèsé, mo ka àtẹ̀gùn. Ó dá mi lójú pé kò sí ohun tó lè bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọkùnrin tí mo háyà láti ṣán igbó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ilé tó ti wó lẹ ń wọ̀n, ẹ ò tíì kọ́ tiyín." Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé, ó dúró. "Ọ̀gá, pèrègún ló tò síbí o. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

Mo ní kí ó hú gbogbo rẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, nítorí kò jẹ́ kí okùn ìwọ̀n mi nà dáadáa.

A kò tíì parí nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan dé, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, bí àwọn Aládùúrà ti máa ń ṣe. Ó wo òkìtì pèrègún tó ti ń rọ, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ọmọdé ni òun àti àbúrò òun ọkùnrin nígbà tí wọ́n kó àwọn wá síbẹ̀. Òun nìkan ló padà sílé. Wọn kì í gbé ẹni tí àrùn náà bá pa wọ ìlú. Ẹ̀yìn ilé náà ni wọ́n sin wọ́n sí, pèrègún kan lórí ọmọ kan.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ń kọ̀wé. Èwo ni ti àbúrò mi?"

Mo ṣí ìwé mi. Gbogbo fèrèsé wà níbẹ̀. N kò kọ pèrègún kan ṣoṣo.

Ó mú ọ̀kan nínú òkìtì náà, ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn, ó fi ìka gbẹ́ ilẹ̀. "Àbí ibí ni?"

"Ibí ni, Ìyá," ni mo wí, ó sì gbìn ín síbẹ̀.

Ìyá náà ti di olóògbé báyìí. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń wá ro ìdí pèrègún yẹn, tí wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé mi, wọn a dúpẹ́ pé èmi ni mo bá ìyá wọn rí ibẹ̀. Èmi tí mo ti lo ọjọ́ ayé mi láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má kọ ohun tí wọn kò rí, mo máa ń dá wọn lóhùn pé kò tọ́pẹ́.