Ata Tí Kò Ta

Mo ṣí ìgò ata tí wọ́n fi fínígà rẹ nílé ìdáná mi l'Ọ́ṣogbo, òórùn kíkan rẹ̀ sì gbé mi padà sí Iléṣà, lọ́sàn-án ọjọ́ tí ìyàwó àbúrò bàbá mi dá nìkan dé láti Mẹ́síkò.

Àǹtí fi àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ ká ẹran àti ata ìgò tí wọ́n gbé bọ̀ fún wa. Ìyá bàbá mi, tí í rún ata wẹẹrẹ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ obì, gé e jẹ, omijé bá ń dà lójú wọn pòròpòrò.

"Màmá, ata yìí ò mà ta o!"

"Ó ta mí."

Ó rú mi lójú. "Àǹtí, bọ̀dá ọkọ yín ńkọ́?"

Àǹtí tún ká àkàrà mìíràn fún mi.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé bọ̀dá fúnra wọn ló rẹ ata yẹn kí ikú tó mú wọn lọ́hùn-ún.

Nígbà tí ata tán lọ́jọ́ náà, màmá gbé ìgò náà sẹ́nu, wọ́n mu omi kíkan rẹ̀ gbẹ.