Ẹni Tó Ń Bá Mi Dáhùn Pé Ara Mi Le

Ẹgbẹ́ wa, àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì láti Ìjerò títí dé Aramọkọ, ní ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, a gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ ká dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: Ṣé ara le? Ẹni tí kò bá dáhùn, tàbí tó ní ara òun ò yá, ìgbìmọ̀ abẹ̀wò á dé ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó fa ètò yìí ni pé ọ̀kan nínú wa ṣubú ní balùwẹ̀ rẹ̀ ní Erijiyan, ó sì lo ọjọ́ méjì nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Kò kú. Òun gan-an ló dá àbá náà.

Ètò náà kò burú lójú mi. Àtiwọlé ni ìṣòro. Bí mo bá ti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà mi tán, wọ́n á fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Nọ́ńbà náà kì í pẹ́ kó tó kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa ní Ìjerò sì máa ń gbé e dé lẹ́yìn ìsìnkú.

Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, wálé fún Àjíǹde. Ó bá mi lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo ti na fóònù sókè.

“Mọ́mì, kí lẹ ń wá lórí odó?”

“Nọ́ńbà.”

Ó ní ẹ̀rọ onílàákàyè kan ti wà báyìí tó lè ṣe aṣojú èèyàn, tó máa ń ṣí ojú ewé fúnra rẹ̀, tó sì máa ń jíṣẹ́ ẹni níbẹ̀. Mo bi í bóyá màá fún ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ aṣínà mi.

“Rárá o. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wọlé, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ẹ bá ti wọlé, wọ́n á fi àmì kan sínú bíráúsà, tí wọ́n á fi máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Àmì yẹn la máa dà kọ pamọ́. Òun ni aṣojú yín á máa mú lọ́wọ́ lọ.”

“Tó bá mú un lọ, ta ni wọ́n á rò pé ó wọlé?”

“Ẹ̀yin.”

“Èmi wá ńkọ́?”

“Ẹ̀yin á wà nílé, ẹ ó máa jẹun.”

N kò rí àbùkù kankan nínú ìdáhùn yẹn. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo tẹ ohun tó yẹ kí n tẹ̀, mo gun odó, mo ka nọ́ńbà náà sí i láti ojú fèrèsé. Ojú ewé ṣí. Ó tẹ nǹkan kan, àmì náà sì di fáìlì kékeré. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀ gìdìgìdì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, síbẹ̀ n kò rí ibi tí mo wà níbẹ̀.

“Bí ara yín ò bá yá, ẹ pè mí kí n dá a dúró,” ló sọ kó tó padà sí Ìbàdàn.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dáhùn ní gbogbo Mọ́ńdè, ní aago mẹ́fà géérégé. Alága yìn mí níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Mo dúpẹ́. N kò fi nǹkan kan kún un.

Nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, ibà kì mí mọ́lẹ̀ ní Sátidé. Iná ò sí, fóònù mi ti kú. Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, n kò lè dìde. N kò tilẹ̀ rántí aṣojú kankan. Mo dùbúlẹ̀, mo ń tẹ́tí sí géètì, nítorí mo mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Ọ̀kadà kan dún, ó kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí mo ti bẹ̀ wò rí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti kúrò lẹ́gbẹ́ nínú ọkàn mi.

Ní ọ̀sán Túsìdeè, ọ̀rẹ́ mi láti Ilogbo, tá a jọ kọ́ni ní Aramọkọ, wá gba ajọ̀ rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi.

“Tíṣà! Kí ló ṣe ọ́?”

“Ibà ni, láti Sátidé. Ẹ sì pa mí tì.”

“A pa ọ́ tì báwo? Ṣebí o ní ara rẹ le.”

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá: Ara mi le, mo dúpẹ́. N kò rán aṣojú mi ní ọpẹ́. Òun ló fi kún un.

Bí inú bá ń bí ọ̀rẹ́ mi yìí, ẹnu Èkìtì ló máa ń fọ̀. “Ulé ìwòsàn yá!” ló wí, ó sì wọ́ mi sínú ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ká ní o kú ńkọ́?”

“Á máa dúpẹ́.”

Ọsibítù la ti fi fóònù rẹ̀ pe ọmọ mi. Omi ń kán sínú iṣan mi, ọmọ ń sunkún, èmi ni mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó pa fáìlì náà rẹ́. Nígbà tí mo padà sílé, tí fóònù mi sì jí, ó júwe bọ́tìnnì kan fún mi tó ń lé gbogbo ẹni tó bá fi orúkọ mi wọlé jáde. Ojú ewé náà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo wo àkọsílẹ̀ àwọn ìdáhùn mi àtẹ̀yìnwá, Mọ́ńdè lórí Mọ́ńdè tí ara mi fi le láìsí mi níbẹ̀, ojú sì tì mí. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi fúnra mi ni mo ń wọlé báyìí. Nígbà mìíràn, ó máa ń di ọ̀sán kí n tó ráyè dáhùn.

Nígbà tá a tún ṣèpàdé, mo dìde, mo sọ ohun tí mo ṣe. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Alága bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Mo ní ó ti bà jẹ́.