Ọ̀rá Tí Ọmọ Fúnmi Ń Dúró Dè

Omi ilé-ọmọ ti ń jò lára Fúnmi kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn wa ní Iléṣà, oyún rẹ̀ kò sì ju oṣù méje lọ. Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Agbẹ̀bí tuntun ni mí, Ìgbóná l'Óṣogbo ni mo ti wá. Dókítà ní ká gún un lábẹ́rẹ́, ká sì gbìyànjú kí ọmọ má tíì wá títí di ọ̀tunla.

"Ẹ ṣàlàyé fún ìyá ọkọ rẹ̀," ó ní, ló bá bá tirẹ̀ lọ.

Aláṣọ ni ìyá ọkọ yìí, kì í gba ọ̀rọ̀ lásán. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọn àpò afẹ́fẹ́ wínníwínní wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, àti pé ọ̀rá kan ni ara fi ń pa inú wọn kí wọ́n má baà lẹ̀ pọ̀. Ọ̀rá yẹn kò tíì tó lára ọmọ oṣù méje. Abẹ́rẹ́ náà yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ara ọmọ, yóò wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró lọ síbi tí àṣẹ iṣẹ́ ti ń jáde, yóò sì ní kí wọ́n tètè máa po ọ̀rá.

"Ọ̀rá ni kò tó?"

"Ọ̀rá ni, Mà."

"Kò burú."

Lọ́jọ́ kejì, òórùn ọ̀rá màlúù ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Màmá ti dín in kún abọ́, ó ń fi í sí Fúnmi lẹ́nu.

"Gbé e mì, ọmọ ń dúró dè é!"

Ibẹ̀ ni Mátíróònù bá wa. "Ta ló sọ wọ́ọ̀dù mi di ilé ìdáná?"

Màmá nàka sí mi. "Nọ́ọ̀sì yín ló ní ká ṣe é."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Mo wá rò ó pé bí etí kò bá gbọ́, ojú á rí i. Mo mú ọ̀rá tí wọ́n fi di búrẹ́dì, mo ta omi sínú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo ní kí Màmá fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, ọ̀rá náà ṣì lẹ̀ pinpin. Mo fi omi ọṣẹ sí i, ó sì ṣí.

"Bí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín ṣe rí nìyẹn, Mà."

Màmá figbe ta. "Yéè! Ọ̀rá búrẹ́dì ló wà láyà ọmọ ọmọ mi!"

Mátíróònù kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó ráyè sọ̀rọ̀, ó ní, "Màmá, ọmọ yín ṣì wà lórí iná ni, kò tíì jinná. Abẹ́rẹ́ yìí ló ń koná mọ́ ọn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì kò sọ bẹ́ẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà, n kì í ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni kí n má ní kó tún un sọ fún mi.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọmọ wá, obìnrin ni, ó kéré bí ọmọ ológbò. Kò dún. Mo ń fi aṣọ nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń pe Olúwa, àfi bó ṣe han gooro.

Màmá gbálẹ̀kùn láti ìta. "Kí lẹ fi ṣe é? Ẹ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún!"

"Ẹ jẹ́ ó ké, Mà," Mátíróònù dáhùn. "Bó ṣe ń ké ni àwọn àpò yẹn ń ṣí."

Nígbà tí igbe ọmọ ń rọlẹ̀, mo gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rọ̀ jẹ́jẹ́:

"Ké sí i, ìyá mi. Jọ̀ọ́, ké sí i."