Ebè Egbèjìlá Ó Lé Ọgọ́fà

Òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ni mo fi ń rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní Ìdógún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ àáró Bàbá mi ń bọ̀ wá kọ ebè iṣu, kò sì sí ẹni tó mọ iye tí yóò wá. Síbẹ̀, Bàbá ti fi okùn wọn oko náà kí ó lè gba ebè egbèjìlá ó lé ọgọ́fà géérégé: 2,520. Iye tí bàbá tirẹ̀ ń lò nìyẹn. Bí méjì bá wá, bí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá bá wá, wọn yóò pín in dọ́gba, ẹyọ kan kò ní ṣẹ́kù tí yóò dá ìjà sílẹ̀. Méje ló wá lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Ebè kì í purọ́," ni Bàbá máa ń wí. "Lọ kà á."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Tísà wa bi wá ní kíláàsì pé nọ́ńbà wo ló kéré jù lọ tí a lè fi ení títí dé ẹ̀wá pín láìṣẹ́kù. Ẹni tó bá gbà á ni yóò mú lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ ṣe ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹnì kan péré.

Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Tísà, sọ gbogbo wọn di púpọ̀ láti orí ení dé ẹ̀wá: 3,628,800. Tísà pàtẹ́wọ́ fún un. Mo nawọ́.

"2,520 ni, sà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ebè Bàbá mi ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ elébè!" ni Délé pariwo.

Mo ṣàlàyé. Iye tí mẹ́jọ bá pín, méjì àti mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀. Mẹ́sàn-án gbé ẹ̀ta wọlé, ẹ̀fà tẹ̀lé e: mẹ́jọ lọ́nà mẹ́sàn-án, 72. Fi márùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ̀wá dé. Fi méje sọ ọ́ di púpọ̀, ó parí. Tísà kò tilẹ̀ mú ṣọ́ọ̀kì.

"Jókòó. Ẹnu rẹ kò ní jẹ́ kí ọkọ rẹ sinmi."

Délé ló lọ sí Ọ̀wọ̀. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún Bàbá, ó bi mí pé, "Ṣé ó kà á?" Mo ní kò kà á. "Ẹni tí kò kà á kò lè ní kò pé."

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ro oko kí n tó rí ìdánwò náà ṣe. Mo yege. Ìṣirò ni mo sì fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀wọ̀.

Nígbà tí wọ́n sin Tísà, Délé, tó ti di olóyè, dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àbúrò bàbá òun kò ṣi ìṣirò kankan rí. Mo pa ìwé orin mi dé. Lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún un pé nọ́ńbà rẹ̀ ọjọ́ kíláàsì yẹn ṣeé pín lóòótọ́, ó kàn tóbi ju èyí tí a bèèrè lọ ní ìlọ́po egbèje ó lé ogójì.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ elébè! O ò tíì gbàgbé?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ ní kíláàsì yẹn mọ̀ pé òun gba ìṣirò náà, síbẹ̀ ó jókòó. Èmi náà mọ̀ ọ́n. N kò jókòó mọ́.